Ara Ẹja Kò Yá

Nílé wa lẹ́bàá omi, ní apá Ìgbókòdá,
a kì í bi ẹja bóyá ó sùn dáadáa.
Ìbéèrè kan ṣoṣo la ní fún un: mélòó?
Ìyá mi á tò ó sórí ààrò,
èéfín á máa bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Kí ló wá gbé mi dé Grimsby
tí mo fi ń kúnlẹ̀ níwájú àpótí dígí
láago mẹ́ta òru, pẹ̀lú iná fóònù,
tí mo ń ka èémí ẹja tí kò gùn tó ìka mi?

Tẹ́mìídayọ̀ ló bẹ̀bẹ̀ fún un, ó pé ọmọ ọdún méje.
Ọjọ́ Sátidé la ra dígí, la ra ẹ̀rọ tí ń hanrun bí àgbàlagbà,
Sátidé yẹn náà la da gọ́pì mẹ́fà sínú rẹ̀.
Ta ní ń kọ́lé láàárọ̀ tí ń kó wọlé lálẹ́?
Àwa ni.

Ọjọ́ kẹta, wọ́n gòkè wá, wọ́n ń la ẹnu, pà, pà, pà.
Mo ní ebi ni. Mo bu oúnjẹ sí i.
Ọjọ́ kẹrin, mo tún bu sí i.
Omi náà wá funfun bí èyí tí a fi ṣan ìrẹsì.

Èmi tí ìyá mi tọ́ dáadáa, mo rí ìdọ̀tí, mo dìde.
Mo yọ kànìnkànìn inú ẹ̀rọ, ó ń yọ̀ bí ilá;
mo bọ̀ ọ́ sínú omi gbígbóná, mo fún un títí ó fi mọ́.
Mo da omi àpótí nù pátá, mo rọ tuntun kún un.
Ó mọ́ gaara!
Nígbà tó fi di ọjọ́ Ẹtì, ẹja mẹ́ta ti fẹ̀gbẹ́ lé omi.

Bàbá Walter ilé kejì gbọ́ ẹkún ọmọ, wọ́n kanlẹ̀kùn.
Òkun Iceland ni wọ́n ti pẹja nígbà èwe wọn,
yìnyín ibẹ̀ gba ìka méjì lọ́wọ́ wọn.
Wọ́n kán oògùn sínú ìgò tín-ín-rín, wọ́n bu omi mi sí i, wọ́n gbọ̀n ọ́n.
Ó yẹ kó pọ́n bí ìyeyè. Ó di àwọ̀ ewé ẹ̀fọ́.
"Ìtọ̀ ara wọn ni wọ́n ń mu," wọ́n ní.

Àwọn kan wà tí ojú ò lè rí,
inú kànìnkànìn yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pàgọ́ sí,
kí wọ́n lè jẹ májèlé kó tó jẹ ẹja.
Agbálẹ̀ ilé ni mo fọ̀ nù,
mo wá ń bèèrè ẹni tó ba ilé jẹ́.
Oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ náà,
kò mọ ẹja yàtọ̀ sí kòkòrò.

Ìdá kan nínú mẹ́rin ni kí n máa pààrọ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀;
kí n kọ́kọ́ pa oró omi tuntun,
kí n fi ìgbọ̀nwọ́ wò ó bí omi ìwẹ̀ ọmọ jòjòló.
Oúnjẹ, ìwọ̀n tí èékánná lè gbé, lọ́jọ́ méjì méjì.
Kànìnkànìn, inú omi tí mo bù kúrò ni kí n ti ṣàn án.
Ẹja tuntun ńkọ́? Bàbá Walter mirí.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà.
"Mi ò mọye ẹja tí mo pa láyé mi," wọ́n ní.
"Ní báyìí, bí ọ̀kan bá kọ oúnjẹ, oorun á dá lójú mi."

Ọ̀kan tún kú lọ́jọ́ Ajé. Ó ku méjì.
À ń kán oògùn lálaalẹ́: ewé, ewé, ewé.
Lánàá, ó fẹ́ jọ ìyeyè.

Mo ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀ yìí,
níbi tí mo ti ń di ẹja òkú sínú ọ̀rá fún wákàtí mẹ́wàá.
Èyí tí ìrù rẹ̀ dà bí aṣọ àrán sáré wá sẹ́nu dígí,
lẹbẹ rẹ̀ ṣí, ó ń wò mí.
Mo kí i. Mo bi í bóyá ó sùn dáadáa.
Mo sì fi ọwọ́ mi pamọ́ sẹ́yìn.